Àwòrán Ilẹ̀ Àtijọ́ àti Etí Òkun Ìlàjẹ

Bí ènìyàn bá gba etí òkun láti Èkó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ó sì kọjá Lẹ́kí, yóò dé ibìkan tí yanrìn funfun gbé tán tí ẹrẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé ẹnu Odò Bìní, ìrìn bí kìlómítà 75, kò sí òkúta kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkè kan. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni ó dojú kọ òkun, àbàtà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí àbàtà yìí sì ni àwọn ará Ìlàjẹ, ti Máhìn àti ti Ùgbò, ti fi òpó gbé ilé wọn ró láti ayébáyé. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wọn. Nítorí pé ibẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà ńlá, ohun tí òkun ń ṣe níbẹ̀ kì í tètè dé etí àwa tí ń gbé òkè ilẹ̀. Bí òkun bá jẹ ilẹ̀ ní Èkó, ní ọjọ́ kejì gbogbo ènìyàn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ odidi àdúgbò kan ní Ìlàjẹ kí a tó gbúròó rẹ̀.

Ní etí òkun yìí ni ìlú Ayétòrò wà, èyí tí àwọn ọmọ ìjọ kan tí ń jẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Ìlú náà lókìkí nígbà kan nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì ń jẹun láti inú àpò kan. Lónìí òkun ti gba ilé ìsìn, ilé ẹ̀kọ́, àti itẹ́ òkú pàápàá lọ́wọ́ wọn. Àgbàlagbà kan lè nawọ́ sí ojú omi kí ó wí pé, “Níbẹ̀ yẹn ni a sin bàbá mi sí.” Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn náà bá dé iwájú ìjọba, tàbí iwájú ẹni tí yóò ṣírò ibi tí ògiri ìdènà yóò dúró sí, ìbéèrè tí wọn yóò bi í ni pé: Báwo ni ilẹ̀ náà ti gùn wọ inú òkun tó? Ní ọdún wo ni omi débẹ̀? Ó ha ń yára sí i, tàbí ó ń dẹwọ́? Níhìn-ín ni àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní máàpù, gbé wúlò. Ẹlẹ́rìí ni í ṣe, ó sì ti kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, a kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí láìbi í léèrè ibi tí ó dúró sí nígbà tí ó rí ohun tí ó ń wí.

Àwọn Potogí ni wọ́n kọ́kọ́ ya etí òkun wa sórí ìwé, láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Duarte Pacheco Pereira, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ wọn, dárúkọ Ìjẹ̀bú nínú ìwé tí ó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Lórí àwọn àwòrán ayé àtijọ́ wọ̀nyí a óò rí orúkọ kan, Curamo, tí wọ́n kọ sí ẹ̀bá ọ̀sà Èkó; orúkọ náà kò tíì kú, omi Kúràmò ṣì ń jẹ́ ẹ. Àwọn àwòrán wọ̀nyí dára fún orúkọ. Fún ìwọ̀n, ẹ má ṣe fọkàn tán wọn. Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Láti inú ọkọ̀ tí ó dúró lókèèrè, nítorí ìbẹ̀rù kí ó má bàa gúnlẹ̀ níbi tí kò yẹ, ni wọ́n ti ń wo ilẹ̀. Ní etí òkun tí ó tẹ́jú bí ti Ìlàjẹ, orí igi nìkan ni ojú wọn ń tó. Wọn kò rí ẹrẹ̀ tí ó wà ní ìdí igi náà. Ìlà tí wọ́n fà kì í ṣe etí omi, etí igbó ni.

Ẹni tí ó tún yà á lẹ́yìn wọn kì í sábà dé ibẹ̀ rí. Ó jókòó ní Amsterdam tàbí ní Paris, ó ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, àṣìṣe kan sì lè tipa bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé ju ẹni tí ó ṣe é lọ. Ní 1798 James Rennell ya ọ̀wọ́ òkè ńlá kan, tí a ń pè ní Òkè Kong, la Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já. Àwọn ayàwòrán ń da òkè wọ̀nyí kọ fún bí àádọ́rùn-ún ọdún, títí ará Faransé kan, Louis-Gustave Binger, fi fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà láàrin 1887 sí 1889, tí kò sì bá òkè kankan níbẹ̀. Nítorí náà, bí ènìyàn bá rí àwòrán mẹ́ta tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n ní tòótọ́, tàbí ẹlẹ́rìí kan tí ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ti Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn awọnlẹ̀ jáde. Captain W. F. W. Owen àti àwọn ọkọ̀ rẹ̀ wọn etí òkun Áfíríkà láàrin 1822 sí 1826. Ibà pa púpọ̀púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ní 1845 àti 1846, Captain Henry Denham wọn etí òkun ìhà tiwa nínú ọkọ̀ Avon. Ọ̀gbun kan tí ó wà lábẹ́ òkun ní ìhà Lẹ́kí ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà títí di òní. Àwọn onímọ̀ kan rò pé inú ọ̀gbun yìí ni yanrìn tí ìgbì ń wọ́ bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ń ṣubú sí, àti pé nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni ó kù fún Ìlàjẹ.

Bí wọ́n ti ń wọn omi nìyí. Wọn á so òjé mọ́ okùn tí a ti fi àmì sí, wọn á fi ọ̀rá ẹran kun ìdí òjé náà, wọn á sì sọ ọ́ sínú omi. Okùn ni yóò sọ bí omi ti jìn tó. Ọ̀rá ni yóò gbé díẹ̀ wá sókè nínú ohun tí ó wà nísàlẹ̀, ìbáà ṣe yanrìn, ìbáà ṣe ẹrẹ̀, tàbí ìkarahun. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sórí àwòrán: nọ́ńbà fún jíjìn omi, lẹ́tà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún irú ilẹ̀, s fún yanrìn, m fún ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wo àwòrán òkun àtijọ́ kò kọbi ara sí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ìlà etí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Ní tèmi, mo ka lẹ́tà náà sí ju ìlà lọ. Atukọ̀ lè ṣìnà nípa ibi tí etí ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí òjé kì í parọ́. Kìkì pé kí a rántí pé fátọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ka jíjìn, ẹsẹ̀ bàtà 6 sì ni fátọ́ọ̀mù kan. Ẹni tí ó bá kà á sí mítà yóò rò pé òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn ní ìlọ́po méjì, nígbà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ó ṣòro jù ni ọ̀ràn aago. Kí ọ̀gá ọkọ̀ tó lè mọ bí òun ti lọ sí ìlà-oòrùn tó, ó ní láti mọ agogo tí ó lù ní Greenwich ní Ìlú Ọba ní ìṣẹ́jú kan náà tí ó fi oòrùn mọ agogo ibi tí ó wà. Nítorí náà ni ó ṣe ń gbé aago tí ó dára kiri nínú ọkọ̀. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 4 lórí aago jẹ́ bíi kìlómítà 1.8 lórí ilẹ̀ ní ìhà tiwa yìí. Kí aago tí ó ti wà lórí òkun fún oṣù mélòó kan sì fi ìṣẹ́jú àáyá 4 ṣìnà, kì í ṣe ohun ìyanu.

Ní Èkó, àṣìṣe yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ba ìwádìí jẹ́, nítorí pé etí òkun Èkó nà gbọọrọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn: bí a bá tì í sí ẹ̀gbẹ́, orí ìlà kan náà ni ó ṣì wà. Ṣùgbọ́n etí òkun Ìlàjẹ dagun, ó ń lọ sí gúúsù bí ó ti ń lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹ fi ọ̀pá kan dábùú orí tábìlì, kí orí rẹ̀ kan igun òkè lọ́wọ́ òsì, kí ìdí rẹ̀ kan igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ pe ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà ní òkun, kí ẹ sì pe òkè rẹ̀ ní ilẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ ti ọ̀pá náà díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún: òkun ti gbòòrò, ilẹ̀ ti dín kù. Ẹ tì í sí òsì: ilẹ̀ ti gba inú òkun. Báyìí ni aago tí ó ṣìnà ṣe lè pa abúlé kan rẹ́ lórí ìwé, tí òmíràn sì lè dá ilẹ̀ tí kò sí rí sílẹ̀. Àwọn Faransé ní tiwọn kò ka Greenwich sí. Paris ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣírò wọn títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹni tí ó bá sì gbàgbé èyí yóò fi ju kìlómítà 250 gbé etí òkun kúrò ní ipò rẹ̀. Ìyẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àṣìṣe kékeré ni kí a bẹ̀rù.

Lẹ́yìn aago, ẹ béèrè bóyá omi kún tàbí ó fà nígbà tí a fa ìlà náà. Òkun wa a máa lọ sókè a sì máa bọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n bíi mítà kan láàrin wákàtí mẹ́fà. Lórí ẹrẹ̀ tí ó rọra tẹ́ lọ, níbi tí ènìyàn ní láti rin mítà 100 kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan, etí omi yóò lọ yóò sì bọ̀ ní mítà 100 lójúmọ́ láìjẹ́ pé ilẹ̀ kankan sọnù. Ìgbì òkun àkókò òjò a sì máa gbá etí òkun lọ, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dá díẹ̀ padà. Ẹ wo bí ìlà náà ti nípọn pẹ̀lú. Lórí àwòrán tí a fi mítà kan dúró fún 250,000 mítà, ìlà kálàmù tí kò ju ìdajì mìlímítà lọ bo mítà 125 mọ́lẹ̀. Gbogbo ilé abúlé kan lè wà lábẹ́ tádàwà rẹ̀.

Ọ̀ràn ọdún pẹ̀lú ń tan ènìyàn jẹ. Ọdún tí a tẹ àwòrán kì í ṣe ọdún tí a wọn ilẹ̀. Ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin méjèèjì. Bí a kò bá rí Ayétòrò lórí àwòrán kan tí a tẹ̀ ní 1950, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé òkun wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó lè jẹ́ pé a ti wọn ilẹ̀ náà kí ìlú tó wà. Nígbà mìíràn ìtàn ni yóò fi ọdún hàn wá. Ní 1885, oníṣòwò ará Jámánì kan bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn, ilẹ̀ Máhìn sì bọ́ sábẹ́ Jámánì. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwòrán kan bá fi Máhìn sábẹ́ Jámánì, a mọ ọdún tí ìròyìn inú rẹ̀ ti wá. Ní ti orúkọ ìlú, ẹ rántí pé ìlú etí omi a máa ṣí, orúkọ rẹ̀ a sì máa bá a lọ. Orúkọ kan náà ní ibi méjì lórí àwòrán méjì lè má jẹ́ àṣìṣe ayàwòrán. Ó lè jẹ́ ìtàn ìsásẹ́yìn àwọn ènìyàn níwájú òkun, àwọn àgbà ìlú náà nìkan ni yóò sì lè sọ ọ́.

Nígbà tí a bá ti bi àwòrán méjì léèrè báyìí tán, a lè gbé ọ̀kan lé èkejì. A óò kọ́kọ́ sọ wọ́n di ìwọ̀n kan náà; ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń ṣe èyí kíákíá lónìí, ṣùgbọ́n àwọn awọnlẹ̀ àtijọ́ fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn èyí a óò wá ohun tí kò kúrò lójú kan láti fi so wọ́n pọ̀. Ní ilẹ̀ olókùúta, òkè tàbí àpáta ni a ń lò. Ní Ìlàjẹ kò sí, ẹnu odò pàápàá ń ṣí kiri, ilé orí òpó kò sì pẹ́. Nítorí náà a ní láti lọ wá àmì wa sẹ́yìn, sí orí ilẹ̀ gíga tí ó wà ní òkè àbàtà, kí a wá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jìnnà sí ara wọn. Bí àwọn àmì wọ̀nyí bá bá ara wọn mu, ṣùgbọ́n tí etí òkun kò bá ara rẹ̀ mu, nígbà náà ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òkun. Bí àwọn àmì náà fúnra wọn bá fi mítà 300 yàtọ̀, a kò lè fi ẹnu wa sọ pé òkun jẹ mítà 200.

Èkó fi bí iṣẹ́ yìí ti rí hàn wá ní ibi tí ó ti rọrùn, nítorí pé ògiri òkúta wà níbẹ̀ tí kò kúrò lójú kan. Láàrin 1908 sí 1912 ni a kó òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé láìfi ìdí kan yanrìn. Ìgbì etí òkun wa sì ń wọ́ yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Ògiri náà dá a dúró. Àwòrán tí a yà ṣáájú iṣẹ́ náà àti èyí tí a yà lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ gbòòrò ní apá ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ní apá ìlà-oòrùn, ní Victoria Beach, òkun fi ju kìlómítà kan wọlé láàrin ọ̀rúndún ogún. Láti àwọn ọdún 1960 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fa yanrìn dà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òkun sì kó o lọ. Níhìn-ín àwòrán ṣe ju kí ó sọ ìwọ̀n lọ: ó sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà sì tọ́ka sí ìdí rẹ̀.

Èyí gan-an ni Ìlàjẹ nílò. Láti 1972 ni sàtẹ́láìtì ti ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òfuurufú. Ní 2024, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, tí ó yẹ àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ wò, sọ fún àwọn oníròyìn pé Ayétòrò ti pàdánù ju kìlómítà onígun mẹ́rin 10 lọ láàrin ọgbọ̀n ọdún, èyí tí ó súnmọ́ ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ rẹ̀. Òkun àgbáyé ti ga sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20 láàrin 1901 sí 2018. Ẹrẹ̀ tuntun a máa jì wọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí omi ti ń jáde kúrò nínú rẹ̀. A tún gbẹ́ àwọn ipa omi la àbàtà já nígbà ìwá epo, omi iyọ̀ sì gba ibẹ̀ wọlé, ó pa igi tí gbòǹgbò wọn ń di ẹrẹ̀ mú. Àwọn ará ìlú fi ẹ̀sùn kan èyí, ẹlòmíràn fi ẹ̀sùn kan ìyẹn. Sàtẹ́láìtì nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí, nítorí pé òun àti iṣẹ́ epo fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé ni. Àwòrán tí ó ṣáájú wọn ni yóò sọ bí etí òkun ti ń ṣe kí a tó gbẹ́ ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń sá sẹ́yìn láti ayé Denham, gbígbẹ́ nìkan kọ́ ni ó fà á. Bí ó bá jẹ́ pé ó dúró gbọnin fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó ya lójijì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, àwọn tí ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn sì ní ohun tí wọn yóò fi lélẹ̀.

Ẹni tí ń gbé etí òkun lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tirẹ̀. Kí ó ri òpó líle mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, kí èyí tí ó kángun sí ilẹ̀ jìnnà sí omi, kí ó lè ṣẹ́kù bí òkun bá mú èyí tí ó wà níwájú. Kí ó fi okùn wọn láti ara òpó dé ibi tí koríko gbé parí, kí ó má ṣe wọ̀n ọ́n dé etí omi. Kí ó máa ṣe é ní ọjọ́ tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, nítorí pé nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ni òkun ń kún jù. Ojú ìwé oṣù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ọdún yìí fi ọjọ́ náà hàn, ààyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kọ iye mítà sí. Kí ó kọ ọjọ́ tí kànga bẹ̀rẹ̀ sí í ní iyọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé iyọ̀ sábà máa ń ṣáájú ìgbì dé. Síse omi a máa pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò lè mú iyọ̀ kúrò. Omi òjò tí a gbè sínú ìkòkò tí a dé dáadáa, kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀, ni kí a máa mu nígbà náà. Gbágùúdá kò ní ṣe dáadáa mọ́ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbọn lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀ sí i.